Ọjọ́ orí, orúkọ, àìsàn, eégún ilé: èwo ni kí ọmọ tó fẹ́ wọṣẹ́ ṣọ́jà sọ?

Ọmọ Ìkọ̀lé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ọmọ Èkìtì. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa fẹ́ wọṣẹ́ ṣọ́jà, ti àwọn tí wọ́n ń kó lọ sí Zaria, kì í ṣe ti ọ́físà. Ọmọ ọdún 24 ni, ó kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Fáṣọlá ló wà lórí WAEC rẹ̀, Olúṣọlá ló wà lórí NIN. Ikọ́ fée (asthma) máa ń ṣe é ní kékeré. Ọlọ́pàá tì í mọ́lé fún ọjọ́ méjì rí nítorí ìjà kan ní gáréèjì, wọn ò gbé e dé kóòtù. Ilé eléégún sì ni ilé wọn. Gbogbo ẹni tó bi ló ń sọ fún un pé bó bá kọ òótọ́, kò lè wọlé: kó gé ọjọ́ orí sí 21, kó sì gbé ìyókù mì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀, èwo ló pọn dandan kó sọ, èwo ni kò kan ẹnikẹ́ni?

* * *

Akọ̀wé Kóòtù:

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọjọ́ orí, torí òun ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ jù. Ẹni tó fẹ́ gé ọjọ́ orí máa ń rò pé ìwé kan péré lòun fẹ́ tún ṣe. Kó jókòó kó ka ibi tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà: ìwé ìbí, NIN, BVN, ìwé tí ilé-ìwé girama fún un nígbà tó jáde, JAMB bó bá ti ṣe é rí (láti 2021, NIN ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ fún un), síìmù tó wà nínú fóònù rẹ̀. Bó bá tún ọ̀kan ṣe, gbogbo ìyókù á di ẹlẹ́rìí tó ń ta kò ó.

Àfidáfì tí wọ́n ń sáré ṣe lẹ́nu ọ̀nà kóòtù kì í yí nǹkan kan padà lórí NIN. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé lágbájá búra pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n bí òun. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ti di méjì: irọ́ inú fọ́ọ̀mù, àti ìbúra èké. Ẹni tó bá fẹ́ yí ọjọ́ ìbí lórí NIN gan-an máa san ₦28,574 (₦16,340 ni kí wọ́n tó fi kún un ní 2025), á sì mú ìwé àjọ NPC, àwọn tó ń kọ ìbí sílẹ̀, dání. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, BVN rẹ̀ wà níbi tó wà, ìwé ilé-ìwé rẹ̀ náà kò sún.

Ìṣirò kan tún wà tí àwọn ọmọ kì í ṣe kí wọ́n tó gé e. Ẹ jẹ́ ká ní 2001 ni wọ́n bí i, tó ṣe WAEC ní 2018. Bó bá sọ pé 2004 ni wọ́n bí òun, á jẹ́ pé ọmọ ọdún 14 ló ṣe WAEC, ọmọ ọdún 8 ló wọ JSS1, ọmọ ọdún 2 ló sì wọ kíláàsì kìn-ín-ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kan tí wọ́n nílò láti rí ìyẹn. Bírò àti ìwé pélébé ti tó.

* * *

Bàbá Òde:

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń fi ìwé dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ. Ta ni kò gé ọjọ́ orí nílẹ̀ yìí? Agbábọ́ọ̀lù ń gé e, òṣìṣẹ́ ìjọba ń gé e. Nígbà tí Fájuyì tiwa wọṣẹ́ ológun ní 1943, ta ló bi í ní NIN? Ìjọba tí kò rán ẹnikẹ́ni wá sí abúlé láti kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ló wá ń béèrè ìwé báyìí. Ẹni tó lè sáré, tó lè gbé ẹrù, tí kì í sá lójú ogun ni ológun ń wá. Ọmọ ọdún 24 tó ní òun jẹ́ 21, ta ló jí nǹkan rẹ̀?

* * *

Sájẹ́ǹtì Tó Ti Jáde:

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnìkan wà tó jí nǹkan rẹ̀: ọmọ ọdún 20 tó wá láti ìpínlẹ̀ kan náà, tí àyè kò kàn mọ́. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń pín àyè, àyè náà kò sì pọ̀.

Ti Fájuyì yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà yẹn kò sí ìwé kankan tí wọ́n lè fi ko ẹnikẹ́ni lójú. Òfin tó sọ fífi orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ di dandan ti wà láti 1992. Àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù báyìí, ẹ̀yìn òfin yẹn ni wọ́n bí gbogbo wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé irọ́ inú fọ́ọ̀mù kì í parí sí ọjọ́ àyẹ̀wò. Òfin Àwọn Ọmọ Ogun, tó bẹ̀rẹ̀ bíi Decree 105 ọdún 1993, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ dáhùn èké nígbà tí wọ́n ń gbà á síṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ náà á tẹ̀ lé e wọ bárékè. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti wà ní Depot ní Zaria, tí wọ́n ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ bí oṣù mẹ́fà, ìwé-ẹ̀rí wọn ṣì ń lọ sọ́dọ̀ WAEC àti NECO fún àyẹ̀wò. Èèyàn lè ti fá orí, kó ti mọ ìbọn tú, kó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá, kí wọ́n tó pè é jáde lórí ìlà pé kó lọ kó àpò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ̀ nílé kò pàdánù ju owó mọ́tò lọ. Ẹni tí wọ́n lé ní oṣù kẹrin ti ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n lé òun, ìbéèrè yẹn sì wà nínú fọ́ọ̀mù iṣẹ́ mìíràn: ṣé wọ́n ti lé ọ níṣẹ́ ìjọba rí?

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni pé kò tiẹ̀ nílò irọ́ náà. Ẹ wo ìkéde dáadáa. Ohun tó máa ń wà nínú ìkéde ni ọdún 18 sí 22 fún àwọn tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́, ọdún 18 sí 26 fún oníṣẹ́ ọwọ́. (Ẹ ka ti ọdún tí ẹ fẹ́ wọlé, wọ́n máa ń sún un.) Wẹ́dà ni. Kó lọ ṣe Trade Test lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kó gba ìwé rẹ̀, kó sì wọlé láti ẹnu ọ̀nà oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ọdún 24 rẹ̀ tó mọ́. Kó má ra ìwé yẹn o. Níbi àyẹ̀wò, wọ́n lè fi ẹ̀rọ wẹ́dà àti irin méjì lé e lọ́wọ́ pé kó jó wọn pọ̀, bí ojú ibi tí wọ́n jó bá rí kólo-kòlo, ìwé kò lè gbà á.

* * *

Bàbá Òde:

Ti wẹ́dà yẹn mọ́gbọ́n dání. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kankan tó ti di 24 ńkọ́?

* * *

Sájẹ́ǹtì Tó Ti Jáde:

Ẹnu ọ̀nà yẹn ti tì nìyẹn, Bàbá. Bó bá ní dìgírì tó sì ti sin NYSC, kó wo ti DSSC, ọ̀nà tí àwọn tó ti jáde ilé-ìwé gíga ń gbà di ọ́físà, òdiwọ̀n ọjọ́ orí ibẹ̀ yàtọ̀. Àmọ̀tẹ́kùn wà, Civil Defence wà, kálukú ní òfin tiẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ó ń pọ̀: ọmọ tó ní HND tó fi pamọ́, tó fi WAEC nìkan wọlé torí ó rò pé wọ́n á ní ìwé òun ti pọ̀ jù. Lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn náà ló máa mú HND jáde pé kí wọ́n fi gbé òun ga. Déètì tó wà lára rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tó wọṣẹ́. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rí irọ́ wá sí ọ́fíìsì.

* * *

Ìyá Àbíkẹ́:

Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ńkọ́? Nílé tiwa níbí, Fá ti di Olú, Ògún ti di Jésù, ọmọ ìyá kan náà sì ń jẹ́ orúkọ bàbá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé irọ́ nìyẹn náà?

* * *

Akọ̀wé Kóòtù:

Kì í ṣe irọ́, Màmá, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹ ti gba Jésù. Ènìyàn méjì ló rí.

Oríṣi mẹ́ta ni wàhálà orúkọ. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà: Fasola níbì kan, Fashola níbòmíràn. Èkejì ni títò: orúkọ bàbá wà níwájú lórí ìwé kan, ó wà lẹ́yìn lórí òmíràn, tàbí orúkọ àárín fò. Ìkẹta ni èyí tí ọmọ Ìkọ̀lé sọ, orúkọ ti yí pátápátá. Àfidáfì tó ń ṣàlàyé pé ẹnì kan náà ni sábà máa ń gba àwọn méjì àkọ́kọ́ là. Ìkẹta ń fẹ́ ìyípadà orúkọ tòótọ́: ìbúra ní kóòtù, kíkéde nínú ìwé ìròyìn, kí ó tó wá kan NIN.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe ni pé wọ́n ń fẹ́ fa WAEC wá bá NIN. WAEC ló le jù láti sún. NIN ni kí ẹ fà lọ bá WAEC. Owó àtúnṣe orúkọ lórí NIN kò tún tó ti ọjọ́ ìbí rárá. Lẹ́yìn NIN, báńkì fún BVN. Kí gbogbo rẹ̀ sì parí kí pọ́tálì tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣí, torí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni pọ́tálì máa ń ṣí, àtúnṣe NIN sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Ìkọ̀lé, kó padà jẹ́ Fáṣọlá rẹ̀. Orúkọ tó dára ni.

* * *

Ọmọ Ọ̀tùn:

Kí n dá ọ̀rọ̀ kan sí i nípa ìjọba ìbílẹ̀, torí àwa ọmọ Mọbà tó múlé ti Kwara ni ó ń bá jù. Ìjọba ìbílẹ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ Kwara tó ń jẹ́ Èkìtì, Àràròmí-Òpin ni olú-ìlú rẹ̀. Irepodun/Ifelodun ti ọ̀dọ̀ wa, ọ̀kan ṣoṣo ni, Ìgèdè ni olú-ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Irepodun wà lọ́tọ̀, Ifelodun wà lọ́tọ̀, ní Kwara àti ní Ọ̀ṣun. Ọmọ káfè tó ń yára tẹ̀ ẹ́ á yan èyí tó kọ́kọ́ rí. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá sọ Kwara tí ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ sọ Èkìtì, kò sẹ́ni tó máa gbà pé àṣìṣe ni. Wọ́n á ní ọmọ yìí ń wá ibi tí àyè ti pọ̀.

Àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n á lọ ra ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ ní ìlú tí bàbá wọn kò dé rí. Ìbéèrè ẹnu ló máa ń tú wọn: kí lorúkọ oyè ọba yín, àdúgbò wo nínú ìlú, sọ èdè ibẹ̀ ká gbọ́. Ẹni tó ní ọmọ Ìjerò lòun tó wá ń pe ọba ibẹ̀ ní Ẹ̀wí, ẹ ò nílò láti bi í ní èkejì.

Ẹ rántí pé 16 ni ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tó wà nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999. LCDA, àwọn káńsù kéékèèké tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, kò sí lára wọn. Bí ilé yín bá wà lábẹ́ LCDA, ìjọba ìbílẹ̀ tó bí i ni kí ẹ ti gba ìwé.

Onídùúró náà ńkọ́? Fọ́ọ̀mù ń fẹ́ ẹni tó mọ ọmọ náà: alága tàbí akọ̀wé káńsù, ọ̀gá ilé-ìwé, adájọ́ májísíréètì, ọ̀gá ológun tàbí ọlọ́pàá tó ti dé ipò kan. Ó máa ń fi fọ́tò àti káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀ sí i. Àwọn kan wà tó ń ta ìbuwọ́lùwé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí kò lè dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é lórí fóònù pé àwọ̀ rẹ pọ́n tàbí ó dú.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ìjerò:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ ìwé, ìwé kì í pa èèyàn. Irọ́ tí wọ́n ń pa fún dókítà ló ń pa èèyàn.

Èrò tó gbòde ni pé "bí wọn ò bá rí i, mi ò ní sọ." Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n máa rí fúnra wọn. Wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò fún oògùn olóró, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò àyà, wọ́n á ní kí ọkùnrin wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ní ìpá, wọ́n á yẹ obìnrin wò bóyá ó lóyún. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ: ẹ rẹ ẹsẹ̀ sínú omi, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì gbígbẹ. Bí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ bá hàn tí kò sí kòtò ní ẹ̀gbẹ́ inú, ohun tí wọ́n máa rí nìyẹn. Orúnkún tó ń kọlu ara wọn náà, ìdúró lásán ló ń fi hàn. Àwọn kan ń há nọ́ńbà inú ìwé aláwọ̀ tó-tò-tó tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò sórí. Ẹni tó ń yẹni wò á ṣí i láti àárín, ẹ̀kọ́ àkọ́sórí á sì dàrú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ti igbó: ẹni tó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó lè hàn nínú ìtọ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, ó lè hàn fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú ọ̀rá ara ló ń sá pamọ́ sí. Ewúro kò fọ̀ ọ́, mílíìkì kò fọ̀ ọ́, ọsàn wẹ́wẹ́ kò fọ̀ ọ́. Omi àmuyíràá kàn ń mú ìtọ̀ funfun ni, wọ́n á sì ní kó tún ìtọ̀ mìíràn gbé wá. Ẹni tí dókítà kọ trámádọ̀ fún, tàbí oògùn ikọ́ tó ní kódìn, kó mú ìwé ilé-ìwòsàn jáde kí ó tó tọ̀ sínú ike. Bó bá dúró kí èsì jáde kó tó sọ, àwáwí ló máa jọ.

Àwọn tí wọn kì í tètè rí ni mo ń bẹ̀rù: wárápá tí oògùn ń dá dúró, ikọ́ fée, ọpọlọ tó ti dàrú rí tó sì ti bọ̀ sípò, ẹ̀yìn tó ti já rí. Ẹni tó ní fòníkúfọ̀ladìde, SS gan-an, kó má tilẹ̀ gbìyànjú. AS kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n nínú ooru, láìmu omi tó, pẹ̀lú eré ọ̀nà jíjìn, iṣan ẹni tó jẹ́ AS lè bàjẹ́ lójijì. Bí dókítà bá ti mọ̀, ó mọ ohun tó máa ṣe nígbà tí ọmọ náà bá ṣubú. Bí kò bá mọ̀, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, wọ́n á ní kó dìde kó máa sáré lọ.

* * *

Ọmọ Adó:

Gbogbo yín ń sọ òótọ́ sọ òótọ́. "Ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ" là ń pe Èkìtì, mọ́tò wa kò sì ní ìwé. 😂

Ẹ jọ̀ọ́, gíga ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì mẹ́fà ni mí. Ṣé ó tó?

* * *

Sájẹ́ǹtì Tó Ti Jáde:

Kò tó, àbúrò. Mítà 1.68 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin, 1.65 lọ́wọ́ obìnrin. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì mẹ́fà jẹ́ 1.676. Ìwọ̀nba mìlímítà mẹ́rin ló kù, ọ̀pọ̀ ló ń ṣubú síbẹ̀ torí telọ̀ ló wọ̀n wọ́n. Kí wọ́n wọ̀n ọ́ ní mítà, láìwọ bàtà, ní òwúrọ̀. Lálẹ́ èèyàn máa ń kúrú díẹ̀, torí egungun ẹ̀yìn ti fún pọ̀. Nǹkan tí o bá rí ni kí o kọ. Bí o bá kọ 1.72 tí ọ̀pá ìwọ̀n sọ 1.68, o ti yege tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n o ti sọ ara rẹ di òpùrọ́ lásán.

* * *

Tíṣà Ìré:

Mo ń dúró kí ẹnìkan dáhùn ti eégún, gbogbo yín fò ó.

Fọ́ọ̀mù ń béèrè bóyá èèyàn wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 ti sọ ohun tó jẹ́, ní apá 318: ẹgbẹ́ tó ń lo àmì, ìbúra tàbí ètùtù ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè máa gbè ara wọn láìwo ẹ̀tọ́ àti òdodo, kí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ sì jìyà, tàbí èyí tí wọ́n ń fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìpàdé wọn pamọ́. Apá 38 sì fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn rẹ̀. Eégún ilé tó ń jáde lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo ìlú mọ agbo ilé tó ni ín, tí ọmọdé ń sá tẹ̀ lé, kò bá àlàyé yẹn mu. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún Ògún tiwa ní Ìré. Ọmọ náà lè dáhùn "Rárá" láìgbọ̀n, kó sì kọ Ìṣẹ̀ṣe síbi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀sìn bó bá jẹ́ ohun tó ń sìn nìyẹn.

* * *

Bàbá Òde:

Tíṣà, mi ò gbà gbogbo rẹ̀. Awo ni eégún. Ohun tó wà nínú ìgbàlẹ̀, a kì í sọ ọ́ fún ọ̀gbẹ̀rì, ìbúra sì wà níbẹ̀. Bí ọ̀gá ológun kan tó wá láti ibi tí wọn kò ti mọ eégún bá ka òfin yẹn, "ìkọ̀kọ̀" àti "ìbúra" nìkan ló máa rí.

* * *

Tíṣà Ìré:

Bàbá, ẹ ti mú ìlà kan nínú rẹ̀, ẹ fi èyí tó ṣe pàtàkì sílẹ̀: gbígbè ara ẹni láìwo òdodo. Ṣùgbọ́n mo gbà pé bí a bá kúrò lórí eégún tí a dé orí Ògbóni, èmi pẹ̀lú yín á jà títí ilẹ̀ á fi mọ́. A ó máa bá ìyẹn lọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ti àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga tó ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn gidi, tí wọ́n sì ti jáde, kí wọ́n ka ìbéèrè náà dáadáa. "Ṣé o wà nínú rẹ̀?" yàtọ̀ sí "Ṣé o ti wà nínú rẹ̀ rí?" Ẹni tó dáhùn "Rárá" sí èkejì ti purọ́. Àpá tí wọ́n fi abẹ sí lára, tàbí àmì tí wọ́n fín sápá, á sì wà lójú dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó bọ́ aṣọ.

* * *

Akọ̀wé Kóòtù:

Ohun tí Tíṣà sọ nípa kíka ìbéèrè, òun náà ni ìdáhùn ti ọlọ́pàá. Ohun tí ìkéde ń sọ ni pé kí ilé-ẹjọ́ má ti dá èèyàn lẹ́bi ọ̀ràn rí. Àtìmọ́lé ọjọ́ méjì kì í ṣe ìdálẹ́bi. Wọ́n mú un, wọ́n tú u sílẹ̀, ó parí. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè ìdálẹ́bi, "Rárá" ni òótọ́. Bí ẹnìkan bá bi í lẹ́nu nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ṣé ọlọ́pàá ti mú ọ rí, "Bẹ́ẹ̀ ni" ni òótọ́, kó fi gbólóhùn méjì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó dákẹ́. Àlàyé gígùn ló ń mú wọn fura.

Ẹ má sì ṣi ọ̀rọ̀ yìí mú: ẹni tí kóòtù ní kó san owó ìtanràn ₦5,000 kó máa lọ, wọ́n ti dá a lẹ́bi. Owó kékeré kò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

* * *

Sájẹ́ǹtì Tó Ti Jáde:

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, ẹnikẹ́ni kò béèrè, ṣùgbọ́n òun ló ń mú ẹkún wọ ilé jù. Ìyàwó àti ọmọ tí wọ́n fi pamọ́.

NDA, ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ́físà, fẹ́ ẹni tí kò tíì gbéyàwó. Ti Depot, ẹ ka ìkéde ọdún yẹn. Àwọn ọmọkùnrin kan ti bímọ, wọ́n á kọ "àpọ́n", wọ́n á kọ orúkọ ìyá wọn síbi ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìdálẹ́kọ̀ọ́, wọn kì í padà lọ tún un ṣe, torí ẹni tó bá tún un ṣe ní láti sọ ìgbà tó bí ọmọ náà. Wọ́n á gbé wọn lọ sí Maiduguri. Bí ìbọn bá bà á, ẹni tó wà lórí ìwé ni ológun mọ̀, òun náà ni Military Pensions Board, àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ológun, máa bá sọ̀rọ̀ owó. Ọmọbìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n wá sí bárékè kò sí lórí ìwé kankan. Ìyá ọkọ rẹ̀ lè ṣàánú rẹ̀, ó sì lè má ṣàánú rẹ̀.

Ti owó: fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní òun lè fi owó gbé orúkọ wọlé, olè ni tàbí ẹni tó ń fa ẹ̀wọ̀n mọ́ra. Òfin ICPC ti 2000, tó ń gbógun ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, mú ẹni tó fún àti ẹni tó gbà.

* * *

Ọmọ Ìkọ̀lé:

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ti ọjọ́ orí, orúkọ àti ọlọ́pàá ti yé mi. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ikọ́ fée ṣe é kẹ́yìn, kò lo oògùn tí wọ́n ń fà sí ẹnu kankan láti ìgbà yẹn, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ṣì ní láti kọ ọ́?

* * *

Nọ́ọ̀sì Ìjerò:

Bí wọ́n bá béèrè "rí", bẹ́ẹ̀ ni, kó kọ ọ́. Ikọ́ fée ọmọdé máa ń lọ lára ọ̀pọ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ó sì máa ń padà wá bá àwọn mìíràn. Ohun tó ń pè é padà ni eruku, òtútù àti eré àsápajúdé. Nígbà ọyẹ́ ní Zaria, aago márùn-ún ìdájí, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kó lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá báyìí, kí pọ́tálì tó ṣí. Kó ní kí dókítà fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn èémí rẹ̀, lẹ́yìn náà kó sáré díẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí èémí rẹ̀ bá já wálẹ̀ lẹ́yìn eré, àìsàn náà wà níbẹ̀, kó gbàgbé iṣẹ́ yìí. Bó bá dúró dáadáa, kó gba ìwé rẹ̀ pẹ̀lú déètì àti òǹtẹ̀, kó sì kọ sínú fọ́ọ̀mù: ọdún tó ṣe é kẹ́yìn, kò lo oògùn láti ìgbà náà, èsì àyẹ̀wò rèé. Wọ́n ṣì lè dá a padà. Ọwọ́ dókítà wọn ló wà.

* * *

Bàbá Òde:

Ẹ ó wá fi ẹnu ara yín lé ọmọ náà kúrò lórí ìlà.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ìjerò:

Kí wọ́n lé e kúrò lórí ìlà ní Èkìtì, Bàbá, sàn ju kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wálé láti Zaria.

* * *

Akọ̀wé Kóòtù:

Ọ̀kan tó kù, Ọmọ Ìkọ̀lé. Kó má fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún ọmọ káfè kó lọ jẹun. Àwọn ọmọ káfè máa ń tẹ "No" sí gbogbo ìbéèrè àìsàn àti ọ̀ràn kí iṣẹ́ lè yá, orúkọ Fáṣọlá ló sì máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kó jókòó tì í, kó ka ìlà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ submit, torí lẹ́yìn ìyẹn ó lè má ṣeé tún ṣe mọ́. Kó tẹ ẹ̀dà méjì jáde, kó mú ọ̀kan lọ síbi àyẹ̀wò, kó fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé.